Nígbà Tí Àkàndá Ọmọ Bá Bàlágà

 



Ìyá kan wá bá wa ní ilé-kéwú ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ramadan, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 22, ọ̀kan nínú àwọn àkàndá ẹ̀dá tí àwọn dókítà ń pe àìlera wọn ní Down syndrome. Ọmọ náà rí i pé gbogbo ilé ń gba ààwẹ̀, òun náà ní òun yóò gbà á. Ó ń jí sí sààrì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé omi wá fún un lọ́sàn-án, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun, àti pé àfáà kan ti sọ fún òun pé wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá ti di nǹkan bí agogo méjì, yóò ti fèrèsé, yóò sọ fún un pé oòrùn ti wọ̀, pé wọ́n ti pe ìrun Màgíríbì, yóò sì gbé oúnjẹ fún un. Ohun tí ó wá bèèrè lọ́wọ́ wa ni pé: ṣé irọ́ yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn òun?

Ọ̀rọ̀ náà lè kéré lójú ẹni tí kò bá ronú sí i. Irọ́ kékeré ni, orí àánú ni ó sì dá lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e yẹ̀ wò, a rí i pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ irọ́ lọ. Ta ni ọmọ yìí? Ṣé ọmọdé ni, tí yóò máa jẹ́ ọmọdé títí ọjọ́ ikú rẹ̀? Tàbí àgbàlagbà ni, tí Ọlọ́hun dín ohun kan kù fún, tí Ó sì fi ohun púpọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún un? Ìdáhùn tí òbí bá ní lọ́kàn sí ìbéèrè yìí ni yóò sọ bí yóò ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, iye owó tí yóò fi lé e lọ́wọ́, àti bóyá yóò mú un lọ sí Jímọ̀ tàbí yóò ti í mọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan nínú yín ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yín mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kálámù tí àfáà náà mẹ́nu bà. Hádíìsì náà wà lóòótọ́. Abú Dáwùd àti àwọn mìíràn gbà á wá pé kálámù kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún irú ènìyàn mẹ́ta: ẹni tó sùn, ọmọdé tí kò tíì bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kálámù ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n gbé kúrò, kì í ṣe kálámù láádá. Ẹ̀rí èyí wà nínú hádíìsì tí Mùsìlíìmù gbà wá nípa obìnrin tó gbé ọmọ kékeré kan sókè níwájú Ànábì (S.A.W.), tó bèèrè bóyá ọmọ náà lè ní iṣẹ́ Háájì. Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ìyá náà yóò gba láádá pẹ̀lú. Ọmọ kékeré kò mọ ìyàtọ̀ láàrin Ká'bà àti ilé mìíràn, síbẹ̀ a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì kò sì kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Wọ́n ya ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí làákàyè rẹ̀ kàn dín kù, tí wọ́n ń pè ní ma'tūh ní èdè Lárúbáwá. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ìmámù Abú Hanífà fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ipò ọmọ tó ti ń mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó lè gba ẹ̀bùn fúnra rẹ̀. Káràkátà tó lè mú èrè tàbí àdánù wá ni yóò dúró de àṣẹ alámòójútó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ọmọ ọdún 22 yìí, láì tíì jókòó bá a sọ̀rọ̀ rí, ó ti yára jù.

A sọ fún ìyá náà pé kó kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà, nítorí ó súnmọ́ ìdajì àwọn tó ní irú àìlera yìí tí a ń bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Bí dókítà bá ní ààwẹ̀ yóò pa á lára, kó sọ òtítọ́ fún un pé aláìsàn kì í gbà á, pé Ọlọ́hun kò bínú sí i. Bí dókítà bá ní kò séwu, kó jẹ́ kó gba iye ọjọ́ tí agbára rẹ̀ bá gbé. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, kó jẹun, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tún pe ìrun Màgíríbì fún un ní agogo méjì ọ̀sán.

Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní: “Àfáà, bí nǹkan bá ṣe é ńkọ́?”

A kò ní fi ìbẹ̀rù òbí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti gbé ọmọ kiri ilé ìwòsàn láti ìkókó, tí àwọn ènìyàn ti wí fún pé ọmọ náà kò ní dàgbà, tó ti gbọ́ orúkọ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, kò bẹ̀rù lásán. Ní ti ọmọ yìí, wọ́n ti fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà rí láti lọ ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì nìkan ló mú bọ̀, kò sí ṣéńjì. Láti ọjọ́ náà ni owó kò ti kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti dé iwájú Ànábì (S.A.W.) rí. Sàhábà kan wà ní Mẹ̀dínà, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé Habbān ọmọ Munqidh ni. Ó ti fi orí gba ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà sì ṣe làákàyè àti ahọ́n rẹ̀ ní jàǹbá. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn káràkátà, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá bá Ànábì pé kó dá a lẹ́kun òwò ṣíṣe. Ànábì kò parí ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè é, ó sì ní kó fi òwò sílẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé òun kò lè mú sùúrù kúrò nídìí òwò. Nígbà náà ni Ànábì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí i lẹ́nu, pé bí ó bá ń rà tàbí tó bá ń tà, kó máa sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń dúnàá-dúrà pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, wọ́n tún fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi dá ọjà padà. Ahọ́n rẹ̀ kò tilẹ̀ lè pe ọ̀rọ̀ náà yanjú. Bí ó ṣe ń pè é ni Mùsìlíìmù ṣe gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú àléébù rẹ̀, tí a sì ń kà á títí dòní.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Àwọn ará ilé Habbān kì í ṣe ìkà. Ààbò ni wọ́n wá tọrọ fún un, Ànábì pàápàá sì rí ewu tí wọ́n rí, nítorí ó kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́. Ohun tó yí ìdájọ́ padà ni ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọn kò mú un kúrò lọ́jà; ọjà ni wọ́n fún ní òfin tuntun. Àwọn tó ń bá a ṣòwò ni wọ́n ní kí wọ́n yí ìwà padà.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè fi Súrà kẹrin, áyà 5 àti 6, dá wa lóhùn, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti kó dúkìá lé ẹni tí kò mọ owó ná lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó ka áyà náà dé òpin. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ pé kí a bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó tún pàṣẹ pé kí a máa dán ọmọ òrukàn wò títí dé ọjọ́ orí ìgbéyàwó, bí a bá sì rí i pé ó ti gbọ́n, kí a kó ohun ìní rẹ̀ fún un. Kí a dán an wò! Báwo ni òbí yóò ṣe mọ ibi tí ọgbọ́n ọmọ rẹ̀ dé nígbà tí kò fi náírà kan sí i lọ́wọ́ rí láti fi dán an wò? Ẹnìkan ṣì í lọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fi gbogbo ayé rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Ọmọ mélòó tí ara wọn dá pé ni a kò tíì rẹ́ jẹ lọ́jà rí? A gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó mú un lọ bá oníbúrẹ́dì kan ṣoṣo, kí oníbúrẹ́dì mọ̀ ọ́n, kí owó tí yóò mú dání sì jẹ́ iye búrẹ́dì gẹ́lẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn mìíràn wà tí a máa ń kà fún àwọn ọmọ kéwú láìronú jinlẹ̀ sí i. Amr ọmọ al-Jamūh jẹ́ ẹni tó ń tiro gidigidi. Nígbà tí ogun Uhud dé, ní ọdún kẹta Híjírà (625), àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní kó jókòó sílé, pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Níbí, ọmọ ló ń dáàbò bo bàbá. Ó gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ Ànábì (S.A.W.). Ànábì jẹ́ kó mọ̀ pé òdodo ni, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda rẹ̀; ṣùgbọ́n ó yíjú sí àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má ṣe dí i lọ́wọ́. Ó lọ, ó sì kú ikú ṣẹ̀hídì níbẹ̀. Ìyọ̀ǹda jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n fún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́ di okùn tí wọ́n yóò fi so ó mọ́lẹ̀.

Òbí kan lè sọ pé: “Àfáà, Habbān lè sọ̀rọ̀, Amr gbọ́n ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Tèmi kò lè jókòó, kò lè pe orúkọ mi.” A gbọ́. Irú wọn wà, tí wọ́n pé ogún ọdún, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni a ń gbé wọn. Níbẹ̀, òbí ni yóò dá ìpinnu ṣe, ẹ̀rù náà wúwo, ẹni tí kò bá rù ú rí kí ó má ṣe máa wàásù fún ẹni tó ń rù ú. Ohun kan ṣoṣo ni a ó sọ. Ọmọ tó bàlágà ti ní ìhòòhò tí ó yẹ ní bíbò, yálà ó lè sọ̀rọ̀ tàbí kò lè sọ ọ́. Ṣé a kò tíì rí i rí ní àwọn àgbàlá wa, géńdé tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò létí kànga, tí ìyá ń fi kànìnkànìn wẹ̀ fún, tí àwọn ayálégbé sì ń kọjá? Bí wọ́n bá bi ìyá náà, yóò ní: “Kí ló mọ̀?”

Ìbn Abbās (R.A.) fi obìnrin aláwọ̀ dúdú kan han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ará Álíjánnà. Wárápá ń gbé obìnrin náà ṣánlẹ̀. Ó ti lọ bá Ànábì (S.A.W.) pé kó ṣe adùà fún òun. Ànábì ní kó yàn: kí ó mú sùúrù kó gba Álíjánnà, tàbí kí òun bẹ Ọlọ́hun kó wò ó sàn. Ó yan sùúrù. Ṣùgbọ́n ó ní ara òun máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí wárápá bá gbé òun, kí Ànábì bẹ Ọlọ́hun kí ara òun má ṣe máa ṣí, ó sì bẹ̀ Ẹ́. Ẹ rí i pé ó gba àìsàn náà mọ́ra. Ojútì ni kò gbà. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi í hàn ni Atā' ọmọ Abū Rabāh. Olójú kan ni òun náà, arọ, tí apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́, ó sì fọ́jú pátápátá nígbẹ̀yìn. Òun ni mùfútì Mẹ́kà, tí àwọn aláṣẹ ń jókòó níwájú rẹ̀ láti bèèrè ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá ilé-kéwú wa ìbá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé.)

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ń kéwú lọ́dọ̀ wa, ó ti tó ẹni ọdún 18. Ibà pọ́njú tó mú un ní ìkókó ló ba ìrìn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ó di abiyamọ, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sáàrin aṣọ ìkókó. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á mọ́ra, ibà pọ́njú tó ń fà sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Bí ojú ọmọ tuntun bá dà bí àwọ̀ ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe gbé e sí oòrùn àárọ̀ kí ẹ máa wò ó.) Ọmọbìnrin yìí ti há Súrà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, láti Súrátul-Fīl dé Súrátun-Nās. Ó ń pẹ́ kí ó tó parí áyà kan, ahọ́n rẹ̀ ń kọ́, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan.

Nígbà tí wòlímọ̀ dé, a jókòó ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní àwọn àlejò yóò rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní yóò fi àkókò ṣòfò. A fi ẹnu kò pé kó wọ aṣọ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó jókòó láàrin wọn, ṣùgbọ́n kó má kà. A ní a kò fẹ́ kí ojú tì í. Ojú ara wa ni à ń bò. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni a kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní hádíìsì tí ìyá wa Ā'isha (R.A.) gbà wá, pé ẹni tó ń ka Al-Kùránì pẹ̀lú ìnira, tí ahọ́n rẹ̀ ń kọ́, láádá méjì ló ní. Ó jókòó títí wọ́n fi pín oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ kò bá wa jà. Kò kàn mú un wá mọ́ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. A ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé, wọ́n sì gba ẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà kò padà wá.

Bí àwa olùkọ́ bá ń ṣe báyìí, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé òbí ń fi ọmọ pamọ́. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí àwọn àna tó dé, a ti kó àkàndá ọmọ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí kí a ti í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n má baà ní àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà. Àwọn baba ńlá wa kí Islam tó dé a máa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. A ti kọ òrìṣà sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ ìtìjú náà sílẹ̀. Súrà kẹta, áyà 6, kò pín ènìyàn sí méjì: Ọlọ́hun kan náà ló ya gbogbo wa sínú ilé-ọmọ. Ní ti Down syndrome, láti ọdún 1959 ni Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé ti fi hàn pé krómósóòmù kan tó lé ló ń fà á, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kì í sì í ṣe àjogúnbá. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tí ẹ ń wá aya, bí ẹ bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé àna, tí ẹ rí bí àfẹ́sọ́nà yín ṣe ń bá a jẹun, ẹ ti rí ohun tí ìwádìí oṣù mẹ́fà kò lè fi hàn yín nípa rẹ̀.

Ní ti kí àkàndá ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, Islam kò dí i lọ́nà, ẹni tó bá mọ ohun tí yìgì jẹ́, tó sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n yìgì kì í ṣe oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má so ó fún ọmọbìnrin tí kò yé, kìkì kí ẹrù lè kúrò lọ́rùn òbí, tàbí láti fi bo àṣírí ẹni tó fi ipá bá a lòpọ̀. Wọ́n ń ṣe é, a sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é.

Ìbẹ̀rù tó jinlẹ̀ jù lọ ni ti ẹ̀yìn ọ̀la. Ní ọdún 1983, nǹkan bí ọdún 25 ni ìṣirò ẹ̀mí ẹni tó ní Down syndrome nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lónìí ó ti tó 60. Bí ìwòsàn bá ṣe ń dára sí i níhìn-ín pẹ̀lú, irú ọmọ yìí yóò máa sin bàbá àti ìyá rẹ̀. Nínú Súrà kejì, áyà 266, Ọlọ́hun fi bàbá arúgbó kan ṣe àpèjúwe: ó ní ọgbà dàbínù àti àjàrà, àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ aláìlágbára, ìjì oníná sì dé, ó jó ọgbà náà. Orí ọ̀rọ̀ sàráà ni áyà náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú ọmọ yìí kì í lè kà á kó má dúró. Àwọn òbí kan ti sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn ń bẹ Ọlọ́hun kó mú ọmọ náà lọ ṣáájú àwọn. A kò bá wọn wí. Adùà yẹn ń sọ ohun tí wọ́n rò nípa àwa ará àdúgbò, àwa ìjọ, àti àwọn ọmọ wọn yòókù.

Ohun tí Sharia sọ kò le láti mọ̀. Nínú mádhábù Ìmámù Málíkì tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, bọ́njẹ́-bọ́mu ọmọkùnrin máa ń kúrò lọ́rùn bàbá tí ó bá bàlágà tó sì lágbára iṣẹ́; ẹni tó bàlágà pẹ̀lú àìlera tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn bàbá rẹ̀. Ìpín ogún rẹ̀ pé bíi ti ẹlòmíràn. Àwọn ẹbí tó ń fò ó kọjá, tí wọ́n ń sọ pé “kí ni yóò fi ilé ṣe?”, kí wọ́n lọ ka Súrà kẹrin, áyà 10, nípa ẹni tó ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn. A kò lè fi ìwé ìpíngún fi kún ìpín rẹ̀, nítorí kò sí ìpíngún fún ẹni tó ti ní ogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá yọ̀ǹda. Ẹ̀bùn ojú ayé ńkọ́? Hádíìsì Nu'mān ọmọ Bashīr (R.A.) ní kí a ṣe déédéé láàrin àwọn ọmọ. Síbẹ̀, Ibn Qudāma, tó kú ní ọdún 1223, sọ nínú ìwé rẹ̀ al-Mughnī pé ó tọ́ láti fún ọ̀kan ní àfikún nítorí ìdí bíi àìlera tó ti wọ̀ ọ́ lára tàbí ojú fífọ́. Ibẹ̀ ni ọkàn tiwa náà fì sí, bí àwọn ọmọ yòókù bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn nígbà tó wà láàyè. Bàbá gbọ́dọ̀ yan alámòójútó pẹ̀lú, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Kálífà al-Walīd, tó ṣe ìjọba láti 705 sí 715, pèsè amọ̀nà fún afọ́jú àti ìránṣẹ́ fún arọ. Níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí tiwọn ní January 2019. Òfin wà, ṣùgbọ́n ẹ lọ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí yín.

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá léèrè ní ìpàdé bóyá òun gbọ́dọ̀ kọ ọkọ sílẹ̀ kí òun lè tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun. Kò sẹ́ni tó bi í. Gbogbo ilé kàn ti yàn án lọ́kàn wọn nítorí pé obìnrin ni. A ní rárá, kò di ọ̀ranyàn lórí rẹ̀, kó lọ bi bàbá rẹ̀ ní gbangba. Ọmọ ìyá tó wá bá wa nípa ààwẹ̀ ni, àbúrò ọmọ ọdún 22 náà.

Bàbá wọn pe gbogbo ọmọ jọ lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó sì pè wá láti jẹ́ ẹlẹ́rìí. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹ̀gbọ́n àgbà ní òun yóò máa fi owó ránṣẹ́ láti Abuja, àbúrò obìnrin ní òun kò kọ̀ ọ́ bí ọkọ òun bá gbà, ìyá ń sunkún. Ó pẹ́ kí bàbá tó rántí pé ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó yíjú sí i, ó bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni ó fẹ́ gbé. Ó ronú díẹ̀. Ó ní inú ilé yìí ni, nínú yàrá òun, nítorí ibẹ̀ ni òun ti ń gbọ́ ìpè ìrun. Wọ́n ní kí àwa kọ ọ́ sínú ìwé náà, a sì kọ ọ́.